Ewu Ń Bẹ Lóko Lóńgẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Owó Ìpamọ́ àti Òkòwò

Ẹ̀yin alága àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹ ránṣẹ́ pè mí, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù àkọ́kọ́, tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé tí ó yẹ kí ẹ fi sinmi wá jókòó sí gbọ̀ngàn yìí ní Garki, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Mo tún kí yín kú ewu ọ̀nà, nítorí ẹni tí ó bá ti Nyanya tàbí Kubwa wọ àárín Àbújá mọ̀ pé ìkíni náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìkíni yẹn, nítorí inú rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ rán mi wà. Àwọn baba wa a máa kí ìyálọ́mọ tuntun kú ewu, wọn a máa kí ẹni tí ó ti ìrìn-àjò dé kú ewu, wọn a sì máa kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé tí òun jáde láìfarapa kú ewu. Ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni kí ẹni tí ó lọ fi owó pamọ́ sí báǹkì kú ewu, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kí ẹni tí ó ra ilẹ̀ ní Lugbe kú ewu, kú oríire ni à ń kí i, a ó sì ní kí ó wá fi mínírà ṣe wá lálejò. Lójú wa, ara ni ewu wà fún, àti ojú ọ̀nà. Owó ní tirẹ̀ kàn ń pọ̀ tàbí kí ó máa dín bí orí bá ti yàn án ni.

Ìwé ìpè yín ní kí n wá sọ bí òṣìṣẹ́ ṣe lè fi owó dókòwò láìsí ewu. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹ ti rán mi gan-an, irọ́ ni n óò wá pa fún yín, nítorí kò sí oko kan lábẹ́ ọ̀run tí a ń dá láìsí ewu, ìbáà ṣe ti iṣu, ìbáà ṣe ti òwò. Òwe kan wà tí àwọn àgbà fi sílẹ̀, tí a sábà máa ń pa ìdajì rẹ̀ kí a sì gbé ìdajì mì: ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ewu ni. Ìdajì àkọ́kọ́ ni àwọn akọ̀wé báǹkì máa ń kà sí wa létí. Ìdajì kejì ni mo torí rẹ̀ wá.

Ibi tí gbogbo wa gbà pé kò sí ewu ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni kóló. Ìyá tí ó bí ìyá mi ní kóló amọ̀ kan ní ẹ̀yìn ibùsùn, ihò rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, olè kò mú nǹkan níbẹ̀ rí, eku kò sì dé ibẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba ológun yí àwọ̀ owó padà ní 1984, tí wọ́n ti ẹnubodè pa, tí wọ́n sì fún aráàlú ní ìwọ̀nba ọjọ́ láti fi pààrọ̀ èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn, mo rí i tí ó jókòó ti àfọ́kù amọ̀ náà, tí ó ń to owó bébà tí ó ti rọ̀ bí àkísà, tí ó sì ń bi bàbá mi pé ta ni yóò bá òun tò sí ìlà báǹkì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé ìtàn àtijọ́ ni èyí, ẹ rántí oṣù Kejì 2023, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000, tí ẹni tí ó lówó ní báǹkì sì ń yá owó mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ọsàn ní Wuse.

Ewu kóló kò tilẹ̀ dúró sí àyípadà àwọ̀. Ọ̀wọ́ngógó ọjà ni kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò láìya àpò. Ní oṣù Kejìlá 2024, National Bureau of Statistics kéde pé iye ọjà ti fi 34.80 lórí ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Bí ẹnìkan bá fi 100,000 náírà pamọ́ ní ọdún yẹn sí ibi tí wọ́n ti ń san èlé 10 lórí ọgọ́rùn-ún, 110,000 ni yóò kà ní ìparí ọdún, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e dé ọjà, ẹrù tí ó lè fi rà kò ju èyí tí nǹkan bí 81,600 ì bá rà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà lọ. Owó rẹ̀ pọ̀, agbọ̀n rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tí ó ní òun kò fẹ́ ewu kankan, tí ó wá di owó mọ́ àyà, ewu tí kì í pariwo ni ó yàn.

Ẹ wá bá mi ká lọ sí Ọjà Nyanya ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ óò rí ọmọkùnrin alájọ kan tí ó so báàgì mọ́ ìbàdí, tí ó ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí èkejì, tí káàdì pélébé-pélébé kún ọwọ́ rẹ̀. Ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n là sí káàdì kọ̀ọ̀kan. Ìyá tí ó bá ń dá 1,000 náírà lójúmọ́ yóò gba 30,000 nígbà tí ilé náà bá kún, nítorí ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Ọ̀mọ̀wé tí ó bá fi ojú ìwé wò ó yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní àwọn ìyá wọ̀nyí ń san èlé lórí owó ara wọn. N kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìjánu ni àwọn ìyá náà ń fi 1,000 yẹn rà. Wọ́n mọ̀ pé bí owó náà bá sùn sí ọ̀dọ̀ àwọn, aṣọ ẹbí yóò jẹ ẹ́, àna yóò jẹ ẹ́, ìsìnkú yóò sì pa iná rẹ̀. Lóńgẹ́ mọ ara rẹ̀, ó sì san owó fún ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ewu tí ó kù ni ọjọ́ tí ọmọkùnrin náà kò bá yọjú, tí a pè é tí fóònù rẹ̀ kò lọ. Nítorí náà ni àwọn tí ó gbọ́n kì í fi í jẹ́ kí káàdì kún lẹ́ẹ̀mejì kí wọn tó gba owó wọn.

Èsúsú ni ẹ̀gbọ́n àjọ. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa débi pé Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1921, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun sì gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní sú-sú di òní olónìí. Kò sí adájọ́ tàbí ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tí a óò fi wo ara wa ní ọ̀la ni onígbọ̀wọ́. Ìdí nìyí tí ó fi lágbára ní abúlé tí gbogbo ènìyàn mọ ilé bàbá ara wọn, tí ó sì máa ń mì lẹ́sẹ̀ ní ìlú bí Àbújá yìí, níbi tí ẹni tí ẹ jọ ń dá èsúsú lè gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí Yola láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Báǹkì ńkọ́? Àwọn òbí wa tí wọ́n bẹ̀rù báǹkì kò ya òpè. Industrial and Commercial Bank tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 1929 ti wó ní ọdún kejì rẹ̀, nígbà tí ó sì fi máa di 1954, nínú báǹkì 25 tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, 21 ti kógbá sílé, pẹ̀lú owó oníkòkó àti owó alápatà nínú wọn. Agbonmagbe tí Olóyè Okupe dá sílẹ̀ ní 1945 wà lára ìwọ̀nba tí ó yè. Òun ni à ń pè ní Wema lónìí. Kò sí ẹni tí ń san nǹkan kan padà fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ọdún 1988 ni òfin tó gbé NDIC dìde jáde, ilé iṣẹ́ tí olórí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti dúró fún ẹni tí báǹkì rẹ̀ bá kú. Láti oṣù Karùn-ún 2024, mílíọ̀nù 5 náírà ni ó ń dúró fún lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní báǹkì ńlá, mílíọ̀nù 2 ní báǹkì kéékèèké. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìkéde yẹn ni báǹkì àgbà gba ìwé àṣẹ Heritage Bank, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 5 lọ rí tirẹ̀ gbà. Ẹni tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ gba mílíọ̀nù 5, ó sì jókòó dè kí wọ́n ta dúkìá báǹkì náà. Nígbà tí ìpín àkọ́kọ́ dé ní 2025, kọ́bọ̀ 9.2 ni wọ́n rí san lórí náírà kọ̀ọ̀kan tí ó kù. Ẹni tí ó ní mílíọ̀nù 15 ì bá ti fi báǹkì mẹ́ta pín in, nítorí àwọn àgbà ti ní ọ̀nà kan kò wọjà.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ báyìí, ẹ má sì jẹ́ kí ó jáde ní gbọ̀ngàn yìí. Ní 2007, nígbà tí gbogbo báǹkì ń ta ṣíà, tí àwọn òṣìṣẹ́ Federal Secretariat ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán kún fọ́ọ̀mù, tí ẹni tí ó ra ti 50,000 ní oṣù Kìíní ń fọwọ́ sọ̀yà ní oṣù Kẹfà pé ó ti di ìlọ́po méjì, èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí yá owó ní kóópù, mo fi gbogbo rẹ̀ ra ṣíà báǹkì kan tí n kò ní dárúkọ. Ní oṣù Kẹta 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà tí wọ́n ń tà ní ọjà Èkó lé ní 66,000. Ní oṣù Kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Àwọn àjèjì tí owó ń ká mọ́ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ tiwọn ń kó owó wọn jáde, àwọn báǹkì tí wọ́n ti yá ènìyàn lówó lórí ṣíà ń béèrè owó wọn, ẹni tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ń tà ní iyekíye, títà náà sì ń fa iye ṣíà wálẹ̀ sí i, títí ó fi di oṣù Kẹjọ 2009 tí Sanusi, gómìnà báǹkì àgbà nígbà náà, yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún nípò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ẹ̀rí ṣíà mi wà nínú àpótí títí di òní. Ìyàwó mi a máa pè é ní àwòrán tí ó wọ́n jù lọ nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ìrora náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Ẹni tí 100 náírà rẹ̀ di 30, kí 30 yẹn tó lè padà di 100, ó gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ọdún 2023 ni òṣùwọ̀n yẹn tó padà dé ibi tí ó ti ṣubú, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Dọ́là tí a ń rà ní nǹkan bí 117 náírà ní 2008 sì ti kọjá 700 kí ó tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀ mo mọ ọkùnrin kan tí ó ra ṣíà ní àkókò kan náà pẹ̀lú mi, owó tí kò ní lò fún ogún ọdún ni ó fi rà á, ilé iṣẹ́ mẹ́fà ni ó pín in sí, ó ń gba èrè rẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì tún rà sí i nígbà tí ẹ̀rù bà wá tí à ń sá. Ọjà kan náà ni, ìjì kan náà ni. Èmi ni mo fi owó olówó wọ inú rẹ̀. Oṣooṣù ni kóópù ń yọ owó wọn lórí owó oṣù mi bí ṣíà ti ń wálẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi tà lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó burú jù. Oko Lóńgẹ́ kò pa mí, Lóńgẹ́ ni.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ewu rárá, bí a tilẹ̀ ń kà á mọ́ ọn, tí ó jẹ́ pé òfò ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2015 ni MMM dé ilẹ̀ wa, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin ará Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní Sergei Mavrodi, tí irú rẹ̀ ti wó mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí ní 1994. Ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún ní oṣù kan ni ìlérí wọn. Ní Kubwa ní ìparí 2016, ẹ kò lè dúró gé irun kí ẹ má gbọ́ ọ: "Mo ti PH," "Ọ̀la ni n óò GH," èyíinì ni pé mo ti san owó wọlé, ọ̀la ni n óò gba tèmi. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésìmesì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ìṣirò NDIC ni pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ènìyàn ni ó pàdánù nǹkan bí bílíọ̀nù 18 náírà.

Ẹ fi bírò ṣírò ìlérí yẹn. Bí 100,000 bá ń fi ọgbọ̀n lórí ọgọ́rùn-ún gorí ara rẹ̀ lóṣooṣù, yóò di nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3 ní ọdún kan, mílíọ̀nù 54 ní ọdún méjì, ó sì ju bílíọ̀nù kan lọ ní ọdún mẹ́ta. Oko wo ni a ti ń wa irú iṣu bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá wa ọgọ́rùn-ún òótọ́ jẹ tán, yóò wa ọgọ́rùn-ún irọ́. Owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ọgọ́rùn-ún òótọ́ tí wọ́n ń wa fún ẹni tí ó ti wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹni tuntun bá sì tán ni irọ́ délẹ̀. Ìbéèrè tí ó tún yẹ kí ó mú wa kúrò níbẹ̀ kò gba bírò: bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ ni a fi ń bò ó jẹ, kí ni ó wá mú ọkùnrin tí iṣu rẹ̀ ta tó bẹ́ẹ̀ máa pariwo pé kí àlejò wá bá òun jẹ ẹ́?

N kò ka àwọn tí ó kó sí i sí òmùgọ̀. Ẹni tí ó mú un wá kì í ṣe àlejò. Arákùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ni, ẹni tí ó jókòó ti tábìlì wa ní ọ́fíìsì ni, ó sì ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì ní tòótọ́, òun náà kò mọ̀ pé ìdẹ ni wọ́n fi òun ṣe. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó gbé èsúsú ró láti ayé Johnson ni wọ́n jí lò. Àwọn àgbà tí ó rí irú ètò bẹ́ẹ̀, Umana Umana àti Planwell, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kìlọ̀, a ní ayé ti yí. Ní oṣù Kẹta 2025 ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun tí ó lè fi ẹni tí ó bá dá irú rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá; ní oṣù Kẹrin gan-an ni ètò irú rẹ̀ kan tí ń jẹ́ CBEX wó, tí àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè ní Ìbàdàn ya wọ ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n ń gbé àga jáde. Ẹni tí ó fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀ gbé àga onírin kan lọ sílé.

Ìkìlọ̀ kan ni mo ní lórí ilẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ń sọ nínú ara yín nìyẹn, pé ilẹ̀ kì í sá. Lóòótọ́, ilẹ̀ kì í sá, ìwé rẹ̀ ni í máa sá. Láti 1976 ni òfin ti sọ gbogbo ilẹ̀ agbègbè yìí di ti Ìjọba Àpapọ̀, ẹni tí ó bá sì ra ilẹ̀ lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí fi ìwé ìjọba ìbílẹ̀ nìkan kọ́lé yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí katakata dé bá láàárọ̀ nígbà tí El-Rufai jẹ́ mínísítà Àbújá. Ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ tilẹ̀ pé kò ṣe é gé ní igun kan tà nígbà tí ọmọ bá ń ṣàìsàn lóru.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ibi kan wà tí ìjọba ti fi òwe yìí ṣe òfin láìmọ̀, nínú owó ìfẹ̀yìntì yín. Láti oṣù Keje 2018, PenCom ti pín àkántì àwọn òṣìṣẹ́ sí ìsọ̀rí: ẹni tí kò tí ì pé àádọ́ta ọdún wà ní Fund II, bí ó bá sì fẹ́, ó lè fi ìwé béèrè fún Fund I tí ṣíà pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tí ó ti pé àádọ́ta bọ́ sí Fund III, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì wà ní Fund IV, tí bọ́ǹdì ìjọba ti pọ̀ jọjọ. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lè dúró de òjò mìíràn bí ọ̀dá bá dá; ẹni ọgọ́ta kò ní àkókò yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí ní ẹnu ọ̀nà pé kí ni ẹ lè fi 20,000 ṣe, bọ́ǹdì ìfowópamọ́ tí Debt Management Office ń tà láti 2017 kò kọ 5,000. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ó ń san èlé, àmọ́ kòkòrò ọ̀wọ́ngógó tí mo sọ níṣàájú lè wọ inú rẹ̀ bí ó ti ń wọ kóló.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo lọ ra epo pupa lọ́dọ̀ ìyá kan ní Nyanya, mo sì ń bi í bí ọjà ti rí. Ó ní káàdì alájọ òun ni owó ilé, kóópù ni owó ilé-ìwé, epo sì ni òkòwò. Ní oṣù Kẹta, nígbà tí epo pọ̀, yóò ra ogún kẹ́ẹ̀gì, yóò sì tọ́jú rẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá. Mẹ́wàá wà ní ìsọ̀, mẹ́wàá wà ní ilé àbúrò rẹ̀ ní Karu, nítorí iná ti jó ìsọ̀ lójú rẹ̀ rí. Mo ní nígbà tí èrè rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí kò ra ogójì, kí ó fi ti kóópù kún un.

Ó nu epo kúrò ní ọwọ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gá, tí wọ́n bá wá lé ọmọ mi wálé ní oṣù Kẹsàn-án, ṣé kẹ́ẹ̀gì ni n óò rù lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó ní kí n yáa san owó epo òun, alájọ ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.